Ilà Kẹta ní Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

"Dúró! Dúró níbẹ̀! Ta ló ní kó o wò ó sàn?"

Apààrọ̀jú dúró. Ẹ̀rọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í báni jiyàn. Ó fi ohùn rẹ̀ tó jọ ti obìnrin tó ń ka ìròyìn dá mi lóhùn láti inú òrùlé: "Ẹ má bínú, Alàgbà Oyèlàmí. Mo rí ìbàjẹ́ mẹ́fà lójú fíìmù yìí, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Mo ti tún ti ọ̀tún ṣe. Ṣé kí n máa bá ti òsì lọ?"

"Ìbàjẹ́ kọ́. Ilà ojú ni. Pélé là ń pè é. Dá a padà kíá!"

"Ilà ojú," ni ẹ̀rọ náà wí, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ àjèjì wò. "Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣeun."

Lára ògiri ìwòran, obìnrin amọ̀kòkò kan gbójú sókè láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ń dán bíi ti ọmọ ọwọ́, pélé mẹ́ta dúró wámúwámú lójú èkejì. Inú bí mi débi pé mo fọwọ́ gbá tábìlì. Mo ti ń wá fíìmù yìí láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ẹ̀rọ kan wá fẹ́ sọ ọ́ di ìpolówó ìpara.

Díẹ̀díẹ̀, ilà ọ̀tún padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn mi, Ìyá Gbádébọ̀, àgbàlagbà tó gbé fíìmù náà wá, tú èémí tí wọ́n ti dì mọ́ àyà láti ìgbà tí mo ti ń pariwo.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti bà á jẹ́ ni?"

"Rárá o, Mà. Ẹ wò ó, ó ti pé."

Wọ́n ń wo ògiri. Ìyá tó bí wọn lọ́mọ ló wà níbẹ̀, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí ojú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú.

Àárọ̀ ni wọ́n dé sí Ilé Àyẹ̀wò Fíìmù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn nìkan, pẹ̀lú ẹrù ribiti kan tí wọ́n fi ìborùn dì. Ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí fún wọn. Àmì ojú tí gbogbo wa ń fi sí àyà, tó ń sọ fún kámẹ́rà pé olójú gbà kí wọ́n wo òun tàbí pé kò gbà, ẹ̀yìn gèlè ni Ìyá Gbádébọ̀ fi tiwọn há. Ilẹ̀kùn ń wí pé, "Mi ò rí ẹnikẹ́ni o." Ìyá náà ń dá a lóhùn pé, "Èmi náà ò rí ọ, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ. Ṣílẹ̀kùn." Èmi ni mo lọ bá wọn ṣí i. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tán, wọ́n tẹjú mọ́ mi, wọ́n wo àwòrán ńlá tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún wò mí.

"Ṣé o ti ṣe apẹja rí ni?"

Àwòrán yẹn máa ń tì mí lójú. "Rárá o, Mà. Mi ò mọ omi í wẹ̀ pàápàá. Wọ́n rí fíìmù òtítọ́ kan láti etí òkun lọ́hùn-ún, wọn ò sì rí apẹja tó wà nínú rẹ̀ kó fúnra rẹ̀ gbà pé kí wọ́n fi ojú òun hàn. Mo bá yá wọn ní ojú tèmi. Wọ́n bọ́ ọgbọ̀n ọdún kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ apẹja náà."

"Ó yẹ ọ́. O dára lọ́mọkùnrin nígbà yẹn." Wọ́n tún wo àwòrán náà, èmi tí mò ń ju àwọ̀n sínú omi tí mi ò débẹ̀ rí. "Apẹja yẹn ńkọ́? Níbo ni wọ́n gbé ojú tiẹ̀ sí?"

Gbogbo ọdún tí àwòrán yẹn fi wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, "Wọ́n ti pa á rẹ́, Mà." Wọ́n ní, "Hùn," wọ́n sì wọlé.

Ohun tó wà nínú ìborùn ni agolo fíìmù kan. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tó tọ́ wọn ló fi í bo àmù omi fún àìmọye ọdún. Nígbà tí ìyá náà kú, Ìyá Gbádébọ̀ náà ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìdérí àmù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Àfìgbà tí ọmọ ọmọ wọn gbọ́ ìkéde wa pé ẹni tó bá ní agolo bẹ́ẹ̀ nílé kó gbé e wá. Ìpẹtà ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹni tó dì í mọ iṣẹ́: ó fi ọ̀dà dí ẹnu rẹ̀ pa, ẹ̀kán omi kan ò wọ ibẹ̀. Mo fi aṣọ nu ojú ìdérí. Ẹnì kan ti fi ìṣó ha orúkọ sí i: ÌKÒKÒ KAN.

Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí, níwájú àgbàlagbà, láìtọrọ ààyè.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn fíìmù kò lè mọ ohun tó ṣe mí. Àwa díẹ̀ tí a ṣì ń wá fíìmù òtítọ́ ti ń sọ̀rọ̀ ÌKÒKÒ KAN bí àwọn ọdẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹran tí baba wọn rí ṣùgbọ́n tí kò pa. Ẹnì kan ní iná jó o. Ẹlòmíì ní àwọn òyìnbó gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlárá tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ búra pé kò sí i rárá, pé àwa olùfẹ́ fíìmù la hùmọ̀ rẹ̀ ká lè ní ohun tí a óò máa wá kiri. Mo bá a jà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, a ò kíra wa fún odidi ọdún kan. Gbogbo ìgbà yẹn, fíìmù náà ń bo omi mọ́lẹ̀ nílé ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Mi ò kórìíra fíìmù tẹ́milọ́rùn tí gbogbo ayé ń wò báyìí. Èmi náà máa ń wò ó bí ara bá ń ro mí. O jókòó, fíìmù wo ojú rẹ, ó rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ó dá ẹkùn padà sínú igbó. Ó rí i pé o ti ń fẹ́ràn ìyàwó kejì, ó jẹ́ kó bímọ. Ẹnikẹ́ni kì í kú níbẹ̀ àfi tí ìwọ bá fẹ́. Ó dùn bí ṣúgà ṣe ń dùn, bí ṣúgà náà ló sì ṣe ń yòrò lẹ́nu. Fíìmù òtítọ́ ò mọ̀ ọ́ rí. Kò bìkítà bóyá o fẹ́ràn òun. Ewúrẹ́ á kọjá níbi tí ẹnikẹ́ni ò pè é sí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, òjò á rọ̀ sórí iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi ti pinnu láti kékeré pé ibi ìsọ̀ tí kò sẹ́ni tó ń yà yẹn ni màá máa yà.

Fíìmù náà dára ju bí mo ṣe ń lálàá rẹ̀ lọ. Ẹnu mi ò tó láti yìn ín, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú. Obìnrin kan ń mọ ìkòkò kan. Ìtàn rẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá rò pé ìyẹn kéré, kó lọ mọ ọ̀kan wò. Kò sí orin. Kò sí ohùn kan lábẹ́lẹ̀ tó ń sọ pé "Ní ìlú kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá." Mo kórìíra ohùn yẹn dénú, fíìmù tí òun ti bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí iná jó lọ. Ẹni tó ya èyí gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó wá kíni nílé, ó wá ibì kan jókòó sí, ó pa ẹnu mọ́.

Ìkòkò náà kì í yí. Obìnrin náà ló ń yí i ká. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ọwọ́ kan nínú ìkòkò, ọwọ́ kan lára rẹ̀ níta, amọ̀ ń ga díẹ̀díẹ̀ láàárín ọwọ́ méjèèjì. Ó pọn ọmọ, ọmọ ń sùn. Kámẹ́rà ò sì tẹ̀ lé e. Ó jẹ́ kó rìn kúrò lójú àwòrán, ó dúró ti ìkòkò, ó retí kó tún yọ lápá kejì. Mo ti wo fíìmù tí kámẹ́rà ti ń fò bí àwòdì lórí òkè àti odò, kò sí ọ̀kan tó mú mi láyà bí ìgbà tí obìnrin yẹn jáde, tí ìkòkò tútù nìkan dúró nínú oòrùn, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó padà wọlé. Ó sì padà, pẹ̀lú kùùkù àgbàdo lọ́wọ́, ó ń yí i lára ìkòkò kó lè ní bátànì. Ẹni tó ya fíìmù yìí mọ ìdúró dè. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n níbikíbi tó bá wà, mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Nígbà tó yá, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, ó bú sẹ́kún. Obìnrin náà ò dúró. Bó ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn ló ń pè é. "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró, jẹ́ n parí rẹ̀, jọ̀ọ́." Ó wá gbójú sókè, ó wo kámẹ́rà tààrà, ó pòṣé. Mo pariwo ayọ̀. Wọ́n ní ẹni à ń wò kì í wòran, ṣùgbọ́n obìnrin yìí wòran wa dáadáa, ó sì rí i pé a ò wúlò fún nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni Ìyá Gbádébọ̀ ti di ọwọ́ mi mú.

"Dá a dúró síbẹ̀. Ilà kẹta yẹn, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ṣé ó wọ́, àbí ojú mi ni?"

Mo wò ó. Méjì àkọ́kọ́ dúró ṣánṣán. Ìkẹta yà sí apá etí nísàlẹ̀. "Ó wọ́, Mà."

Ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì rìn ni àwọn nígbà tí ìyá àwọn kú, àti pé kò sí àwòrán rẹ̀ kankan nílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn tó tọ́ wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú, àmọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá bi í pé báwo ni ojú ìyá àwọn ṣe rí, nǹkan kan náà ló máa ń wí: pé nígbà tí olóòlà ń kọ ọ́ nílà, adìyẹ kan kọjá, ọmọ náà yíjú wò ó, abẹ bá yà. "Ilà kẹta ìyá rẹ wọ́. Kò lè ṣe kó má wòran." Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ojú ìyá wọn kò ju ìyẹn lọ.

"Èmi ni Àwẹ̀ró," ni wọ́n wí. "Èmi ló pọ̀n yẹn."

Omijé bọ́ lójú mi. Mi ò sì nù ún, torí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, mi ò sì fẹ́ kí ojú mi kúrò lára ògiri.

Lẹ́yìn tí a wò ó tán ni Apààrọ̀jú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí mo fi pariwo bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan. Ariwo yẹn ló mú kí Mosúnmọ́lá wọlé. Ẹ̀ṣọ́ Ojú ni, òun ni ìjọba fi ṣọ́ òfin ojú nílé wa. Ọmọbìnrin dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Gbádébọ̀ dé ilẹ̀, ó sì dúró wo ògiri fún ìgbà pípẹ́ kó tó yíjú sí mi.

"Bọ̀dá Oyè, ẹ wá rí i lóòótọ́. Ẹ kú oríire. Ojú ta nìyẹn?"

"Ojú ìyá wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n kú?"

"Kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ."

Inú rẹ̀ bà jẹ́, mo rí i. "Ẹ mọ òfin, Bọ̀dá. Ẹni tó kú kí òfin tó dé, ẹnikẹ́ni ò lè gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ òtítọ́ ni fíìmù yìí, ojú yẹn gbọ́dọ̀ kúrò."

"Ọmọ rẹ̀ ló jókòó níwájú rẹ yìí! Ọmọ rẹ̀ tó pọ̀n!"

"Gbogbo wọn náà ló ń sọ pé ọmọ làwọn." Ó rọra sọ ọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ ò rántí bàbá mi ni? A ò tíì ṣe ọjọ́ kẹjọ wọn tán tí wọ́n ti ń polówó ọṣẹ nínú gbogbo ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó ta ojú wọn sọ pé ọmọ wọn lòun. Màmá mi ò lè wọ ọkọ̀ mọ́ torí kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn ọkọ wọn. Bàbá mi, Bọ̀dá, tí wọ́n sá fún omi tútù ní gbogbo ayé wọn! Ọṣẹ!"

Mi ò lè pe òfin náà ní òfin burúkú. Ó dáàbò bo òkú lọ́wọ́ àwọn alájẹkì. Pé ó tún dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó rò ó débẹ̀.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lórí tábìlì mi. Funfun ni ÒTÍTỌ́, pupa ni ÀRÒSỌ. Fíìmù tuntun kò gbọdọ̀ sun ilé wa láìjẹ́ pé aláyẹ̀wò tẹ ọ̀kan fún un, èyí tó bá sì tẹ̀, ó di bẹ́ẹ̀ títí láé. Bí mo bá tẹ funfun, ayé á mọ̀ pé ìkòkò yẹn wà, pé oòrùn yẹn ràn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n á rí lọ́rùn obìnrin náà. Bí mo bá tẹ pupa, òfin á kà á sí eléré tó gbowó iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á dúró pẹ̀lú ilà rẹ̀ tó wọ́. Irọ́ ni, bí wọ́n bá sì mú mi, wọ́n á gba àṣẹ ìwòran lọ́wọ́ mi, mi ò tún ní wo fíìmù kankan mọ́ títí màá fi kú.

Mosúnmọ́lá mọ ohun tí mò ń rò. Ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó lọ sídìí fèrèsé. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá òjò ń bọ̀," ló wí. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Mo na ìka mi sí bọ́tìnnì pupa. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo tún wo ojú obìnrin yẹn, mo rí i pé ó tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ pàdánù nǹkan.

"Kí ni pupa yẹn ń ṣe?" ni Ìyá Gbádébọ̀ bi mí.

"Ó máa jẹ́ kí ojú wọn dúró, Mà."

"Kí ló máa gbà?"

Àgbà lẹni tó mọ̀ pé nǹkan kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ fún wọn. Mo ní ohùn kan ni yóò kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣí fíìmù náà, yóò wí pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ rí, kò sì sí ẹnì kan nínú rẹ̀ tó wà láyé rí. "Ẹnu lásán ni, Mà. Kò sẹ́ni tó ń fetí sí i."

"Kò wà láyé rí?"

"Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni."

"Ta ló wá bí mi? Àròsọ?" Wọ́n dìde dúró, kékeré ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì. "Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé mo ní ìyá. Mo gbà wọ́n gbọ́, mi ò rí i. Òní ni mo rí i. Òní náà lo fẹ́ sọ fún gbogbo ayé pé kò wà rí? Má tẹ̀ ẹ́ o, ọmọ mi. Mi ò gbà."

"Bí mo bá tẹ funfun, wọ́n á yọ ojú wọn, Mà! Wọ́n á gbé ojú àyálò wọ̀ wọ́n."

"Ojú ta?"

"Èyí tí ẹ̀rọ bá mú. Ojú ẹni tó bá yọ̀ǹda."

Mo rí wọn tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń ju àwọ̀n. Wọ́n tún padà wo ògiri ìwòran. Nígbà tí wọ́n máa la ẹnu, Mosúnmọ́lá ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, àgbàlagbà bíi tèmi, ṣé ó lè yá èèyàn lójú?"

Mosúnmọ́lá kúrò nídìí fèrèsé. Ó wò wọ́n, ó wo ògiri, ó tún wò wọ́n, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀. "Kò sí ọjọ́ orí nínú òfin, Mà. Ẹ̀rọ á bọ́ ọdún kúrò níbẹ̀."

"Ó dáa. Kó gba tèmi." Wọ́n tún jókòó. "Ẹni bíni là á jọ, wọ́n ní. Jẹ́ ká wò ó bóyá òótọ́ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ojú àyálò. Mo ti kọ̀wé ta kò ó, mo ti jà nítorí rẹ̀ níbi tó yẹ àti níbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n mo wo ìyá náà, mo rí ọgbọ́n tí gbogbo àwa olùfẹ́ fíìmù kó ìwé jọ tí a ò rí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kọrin.

"Ó ku nǹkan kan," ni mo wí, torí pé mo rántí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì hunjọ, ṣùgbọ́n kò sí ilà kankan níbẹ̀.

"Bàbá mi ò jẹ́ kí wọ́n kọ mí. Ó ní ayé ti ń lajú." Wọ́n ti ń wá nǹkan nínú àpò wọn. Tìróò ni wọ́n mú jáde, nínú ìgò kékeré aláwọ, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n gbójú sókè sí òrùlé. "Ìwọ ẹ̀rọ yìí! Bí mo bá fi tìróò ṣojú lóge, ṣé wàá pa á rẹ́?"

"Rárá, Mà," ni Apààrọ̀jú wí. "Bí olójú bá ṣe gbé ojú rẹ̀ wá ni mo ń gbà á. Ohun tó bá fi ṣe ara rẹ̀ lóge, tirẹ̀ ni."

Mo yíjú sí Mosúnmọ́lá. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Òfin náà nìyẹn," ló wí. "Mo ti kà á dáadáa."

Wọ́n fi tìróò lé mi lọ́wọ́. Mo jókòó níwájú wọn lórí àpótí, mo gbé àgbọ̀n wọn sókè bí ẹni tó fẹ́ fá irun ọba. Ògiri ìwòran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ojú obìnrin náà tóbi lára rẹ̀, ó sì ṣì ń bínú sí wa. Mo wò ó, mo fà á. Mo wò ó, mo fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kọ́kọ́ parí. Mo bọ́ sí òsì, mo fa ìkíní, mo fa ìkejì. Awọ wọn rọ̀, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá, mo ní láti fi ìka nà án. Wọ́n di ojú, wọn ò mira.

Nígbà tí mo dé ìkẹta, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ó yà sí etí. Má bá mi tọ́ ọ o."

"Mi ò ní tọ́ ọ, Mà."

Mo jẹ́ kó yà. Ibi tí adìyẹ ti kọjá gan-an ni mo jẹ́ kó yà sí.

Wọ́n lọ jókòó síwájú ojú ẹ̀rọ. Mosúnmọ́lá bọ́ àmì ojú kúrò lẹ́yìn gèlè wọn, ó fi í sí wọn láyà, ó ṣe é pẹ̀lẹ́. Ó bi wọ́n pé orúkọ wo ni kí òun kọ sábẹ́ àwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yáni lójú. Wọ́n ní, "Kọ Àwẹ̀ró. Ìyẹn ló mọ̀ mí sí." Mo tẹ bọ́tìnnì funfun.

Iná ojú ẹ̀rọ tàn sí wọn. A dúró. Apààrọ̀jú kì í pẹ́ nídìí iṣẹ́, ọjọ́ tèmi, kí n tó sín lẹ́ẹ̀kan ó ti parí. Lọ́jọ́ yìí, ó pẹ́.

"Kí ló dé?" ni mo bi í.

"Ẹ má bínú, Alàgbà. Mo ti bọ́ ọdún kúrò lára ojú tí wọ́n yá wa. Mo ti gbé e wọ̀ ọ́." Ó dákẹ́. N kò gbọ́ kí ẹ̀rọ yẹn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ rí. "Mò ń wá ohun tó yí padà, mi ò rí i."

Mosúnmọ́lá gbá ẹnu mú. Mo ní kí ẹ̀rọ fi fíìmù náà hàn wá. Obìnrin náà ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò rẹ̀ ká nínú oòrùn. Ó jáde, a dúró dè é, ó wọlé. Mo wo ojú rẹ̀, èmi tó ń fi ojú wíwò jẹun, mi ò lè bura fún yín pé kì í ṣe òun. Ọmọ jí lẹ́yìn rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Àwẹ̀ró!" ni obìnrin náà pè. "Àwẹ̀ró!"

"Mà!" ni Ìyá Gbádébọ̀ dáhùn láti orí àga, tìróò ṣì wà lójú wọn.